Ọjọ́ Mẹ́sàn-án Lójú Títì: Èmi, Màámi àti Ọmọ Mi, láti Atlanta dé Chicago

Ọjọ́ Kìíní, Sátidé. Atlanta sí Montgomery

Aago méje àárọ̀ la kúrò nílé. Màámi ti jí láti aago mẹ́rin. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti gbàdúrà, wọ́n sì ti di mọ́ín-mọ́ín àti búrẹ́dì sínú kúlà, nítorí wọn ò gbà pé èèyàn lè máa jẹ oúnjẹ òde fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kí inú má run ún. Ìbàdàn ni wọ́n ti wá kí wa, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n padà.

Èmi ni mo dábàá ìrìn-àjò yìí. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti ń gbé Georgia. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe ní ilé ìwòsàn, ilé, ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo mọ̀. N kò tíì fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti jìyà kí irú mi tó lè wọ bọ́ọ̀sì kó sì jókòó síbi tó wù ú. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 14. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ojú ewé mẹ́rin-márùn-ún nípa rẹ̀ nílé ìwé, ó sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bíi pé ayé Fáráò ló ti ṣẹlẹ̀. Mo fẹ́ kó rí díẹ̀ nínú àwọn tó ṣojú wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé.

A kọ́kọ́ ya Auburn Avenue, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Atlanta. Nọ́ńbà 501 ni wọ́n ti bí Martin Luther King, pásítọ̀ tó ṣáájú ìjà ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, 1929. Ìta la ti wo ilé náà. Ìtàn tó mú Màámi lọ́kàn ni ti Alonzo Herndon. Ẹrú ni nígbà tí wọ́n bí i ní 1858. Iṣẹ́ gbájámọ̀ ló ń ṣe, ó ń gẹ irun fún àwọn òyìnbó olówó, nígbà tó sì di 1905 ó dá ilé iṣẹ́ adójútòfò Atlanta Life sílẹ̀ fún àwọn èèyàn rẹ̀. “Gbájámọ̀?” ni Màámi wí. “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká fojú di iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.”

Òpópónà márosẹ̀ ńlá kan gba orí àdúgbò náà kọjá, ó là á sí méjì bí ẹni la iṣu. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n là á. Ọ̀nà yẹn gan-an ni mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, n kò sì mọ̀ pé ojú ilé àti ojú ṣọ́ọ̀bù èèyàn ni mò ń tẹ̀ kọjá. Ní 1956 ni Ààrẹ Eisenhower fọwọ́ sí òfin tó la irú títì bẹ́ẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà, máìlì 41,000. Ó mú ìrìn yá, ó mú ọjà yá. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ìlú, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni katapílà gbà kọjá, torí pé àwọn ni kò lẹ́nu ọ̀rọ̀ nílé ìjọba.

A ra epo nítòsí Tuskegee, dọ́là 2.89 fún gálọ́ọ̀nù kan. Ní agbègbè yìí, láti 1932 títí di 1972, àwọn oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà ń wo ọkùnrin dúdú 399 tí àìsàn sífílíìsì ń jẹ, wọn ò sì tọ́jú wọn, kódà lẹ́yìn tí pẹnisílíìnì ti wà fún gbogbo ayé. Wọ́n kàn fẹ́ mọ bí àìsàn náà ṣe ń pa èèyàn ni. Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi nígbà tí epo ń wọ ọkọ̀. Tí aláìsàn dúdú tó dàgbà bá fura sí abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi níbi iṣẹ́, n kì í bá a jà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀nà yìí: aago Alabama fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí ti Georgia. A dé òtẹ́ẹ̀lì kí àyè tó ṣí, abẹ́ igi la jókòó sí.

Ọjọ́ Kejì, Sọ́ńdè. Montgomery

Ìsìn la kọ́kọ́ lọ, ní ṣọ́ọ̀ṣì bíríkì pupa tó wà ní Dexter Avenue, níbi tí King ti ṣe pásítọ̀ láti 1954 sí 1960. Kò tóbi rárá. Tí ẹ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ẹ ó máa wo ilé ìjọba Alabama lókè, níbi tí wọ́n ti búra fún Jefferson Davis ní 1861, gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àwọn ìpínlẹ̀ tó fẹ́ ya kúrò kí wọ́n lè máa kó ẹrú lọ.

Ìró àti bùbá Màámi ló pe èèyàn. Lẹ́yìn ìsìn, ìyá àgbà kan wá di ọwọ́ wọn mú, ó ní kí a bá òun jẹun. Ilé oúnjẹ kan tó kún fọ́fọ́ ló mú wa lọ: adìyẹ díndín, ẹ̀fọ́, ilá, àti ẹ̀wà tí Màámi wò títí, wọ́n ní, “Ẹ̀wà tiwa mà nìyí!” Òótọ́ ni, láti ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún ni irú ẹ̀wà yẹn àti ilá ti bá àwọn ẹrú wá. Dọ́là 16 ni àwo kan. Ìyá náà kọ̀ jálẹ̀ pé Màámi ò ní sanwó.

Ọmọ ọdún méje ni ìyá yìí ní 1955. Iṣẹ́ agbọ́únjẹ ni ìyá tó bí i ń ṣe nílé òyìnbó, ní òdìkejì ìlú. Ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ọlọ́pàá mú Rosa Parks, aránṣọ, torí pé kò dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì. Ní oṣù Kẹta ni wọ́n ti kọ́kọ́ mú Claudette Colvin, ọmọ ọdún 15, fún ẹ̀ṣẹ̀ kan náà. Lóru ọjọ́ tí wọ́n mú Parks, olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tó ń jẹ́ Jo Ann Robinson kò sùn, ó ń tẹ ìwé pélébé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún: kí ẹnikẹ́ni má wọ bọ́ọ̀sì ní Mọ́ńdè. Ọjọ́ Mọ́ńdè kan yẹn ló di ọjọ́ 381 tí àwọn aláwọ̀ dúdú ò fi wọ bọ́ọ̀sì.

Sẹ́ǹtì mẹ́wàá ni owó ọkọ̀. Nínú èrò mẹ́rin, mẹ́ta ló jẹ́ dúdú, nítorí náà àpò ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ gbẹ. Àwọn tó ní mọ́tò ń gbé ẹni tí kò ní, ṣọ́ọ̀ṣì ra ọkọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ rìn bọ̀. Epo àwọn mọ́tò náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni Georgia Gilmore ti wọlé. Agbọ́únjẹ ni òun náà, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ó kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n ń dín adìyẹ, wọ́n ń ṣe kéèkì, wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń kó owó rẹ̀ wá sí ìpàdé. Orúkọ ẹgbẹ́ wọn túmọ̀ sí Ẹgbẹ́ Àìníbi. Tí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n pé níbo lowó ti wá, wọ́n lè dáhùn láìpurọ́ pé kò ti ibì kankan wá.

Màámi ní, “Bí àwọn ìyá wa ṣe ṣe l’Ábẹ́òkúta náà nìyẹn.” Ìyá tiwọn wà lára àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó tẹ̀lé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì lọ jókòó sí ààfin Aláké nítorí owó orí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá náà. Ó fi ṣíbí sílẹ̀, ó ní kí n tún un sọ.

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ bàtà dé. Ìyá náà ní nígbà èwe òun, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ dúdú wọ bàtà wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ìyá rẹ̀ á ní kó dúró lórí páálí, á fi pẹ́ńsù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, á gé páálí náà, á mú un lọ sọ́jà. Tí bàtà bá há, ó há náà nìyẹn, wọn ò ní gbà á padà. Màámi dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní bàbá àwọn náà máa ń fi igi ìgbálẹ̀ wọn ẹsẹ̀ àwọn, á ṣẹ́ ẹ, á mú un lọ sí ọjà Dùgbẹ̀ lọ ra bàtà ọdún. “Ṣùgbọ́n ọ̀nà ló jìn sí wa,” ni wọ́n wí. “Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ẹsẹ̀ wa dọ̀tí.” Ọmọ mi ló túmọ̀ èyí, torí pé ẹnu mi wúwo.

Ọ̀sán la lọ síbi ìrántí àwọn tí ogunlọ́gọ̀ so kọ́ igi láìdájọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì dọ́là márùn-ún ló kárí rẹ̀ àti ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà níwájú. 2018 ni wọ́n ṣí i. Òpó irin tó ju 800 ló wà níbẹ̀, agbègbè kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n pa wà lára rẹ̀. Bí ẹ ṣe ń wọlé, ojú yín àti òpó dọ́gba. Bí ẹ ṣe ń lọ, ilẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀, òpó ń lọ sókè, títí tí wọ́n fi so rọ̀ lókè orí yín. Mo wá òpó agbègbè tí mò ń gbé ní Georgia. Ó wà níbẹ̀. Ẹ má kó ọmọ kékeré lọ, ẹ sì mú omi dání, òòrùn ibẹ̀ kò ṣojú rere.

Ọjọ́ Kẹta, Mọ́ńdè. Ọ̀nà US 80 sí Selma

Máìlì 54 péré ni, a sì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ odindi ọjọ́ rìn ín.

Àárín ọ̀nà ni agbègbè Lowndes. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1965, kò sí aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ nínú ará ibẹ̀ márùn-ún, mẹ́rin ló jẹ́ dúdú. Orí ilẹ̀ olówó ni wọ́n ti ń dáko, tí wọ́n ń pín irè, nítorí náà ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ lónìí, wọ́n á lé e kúrò nínú ilé lọ́la. Àwọn tí wọ́n lé pàgọ́ sẹ́bàá títì yìí ní òpin ọdún 1965. Ó tó ọdún méjì tí wọ́n fi gbé inú àgọ́, nínú òtútù, tí àwọn kan sì ń yìnbọn lù wọ́n lóru. Wọn ò pa orúkọ wọn rẹ́ nínú ìwé ìdìbò. Ilé ìtàn ti wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Mo dúró síbi táwọn àgọ́ náà wà, mo rántí iye ìgbà tí n kò lọ dìbò nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́ tí oorun sì ń kùn mí.

A ò tíì rìn jìnnà kúrò níbẹ̀ tí táyà ẹ̀yìn bẹ́. Mo yà sórí òkúta wẹ́wẹ́, ọkàn mi ń lù. Bí Màámi ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, okùn sàńdà wọn já. Táyà apààrọ̀ wà, jáàkì kò sí. Fóònù mi kò gbé. Lẹ́yìn bí ogún ìṣẹ́jú, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan dúró, òyìnbó àgbàlagbà kan sì sọ̀ kalẹ̀. Mo rí i tí ọmọ mi rọra gbé fóònù sókè, tó ń ká a sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ, ohun tó ń wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló kọ́ ọ. Ọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé jáàkì tirẹ̀ jáde, ó kúnlẹ̀ nínú òòrùn, ó pààrọ̀ táyà, ó tún fún gbogbo èyí tó kù ní afẹ́fẹ́. Mo na dọ́là 20 sí i, kò gbà á. Màámi ṣí kúlà, wọ́n gbé mọ́ín-mọ́ín méjì fún un, ó sì gba ìyẹn. Ọmọ mi ti dá fóònù sápò. Ẹ yẹ jáàkì yín wò kí ẹ tó gba ọ̀nà yìí, ẹ sì ra epo ní Montgomery, ilé epo kò pọ̀ níbẹ̀.

A rí òkúta ìrántí Viola Liuzzo lórí òkè kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Obìnrin òyìnbó ni, láti Detroit, ọlọ́mọ márùn-ún. Ó wá fi mọ́tò rẹ̀ gbé àwọn tó ń wọ́de láti Selma sí Montgomery nítorí ẹ̀tọ́ ìdìbò. Lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kẹta, 1965, wọ́n yìnbọn pa á lójú ọ̀nà yìí.

Selma dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ti pa dé, ìjì líle oṣù Kìíní 2023 sì ti ṣí òrùlé púpọ̀ tí wọn ò tíì bò. Ibùdó ọmọ ogun òfurufú tó ń fún ìlú níṣẹ́ ti kógbá wọlé láti 1977. Ó dùn mí. Ìlú tó mú òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò bá gbogbo Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kò sí níbẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀. Nítorí náà ẹ sun ibẹ̀ tí ẹ bá lọ, ẹ jẹun níbẹ̀, ẹ má kàn ya fọ́tò kí ẹ sì sá lọ.

Nígbà tí òòrùn rọlẹ̀ la dé afárá Edmund Pettus. Màámi ní àwọn ò ní jókòó sínú mọ́tò kọjá lórí rẹ̀. Sílípáàsì ọmọ mi ni wọ́n wọ̀, ó tóbi fún wọn, wọ́n sì ń fà á. Afárá náà yọ gọ̀ǹgọ̀ láàárín: tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ìlú, ẹ ò ní rí òdìkejì títí ẹ ó fi dé orí rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, 1965, nǹkan bí 600 èèyàn gun orí rẹ̀ dé ibi tá a dúró sí yìí kí wọ́n tó rí àwọn ọlọ́pàá tó dí ọ̀nà. Wọ́n fọ́ orí John Lewis, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn, wọ́n lu Amelia Boynton, aṣáájú mìíràn, títí ó fi dákú. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tún gbéra, ìjọba àpapọ̀ ṣọ́ wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé Montgomery. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò.

Nígbà tó di ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Johnson yìí kan náà fọwọ́ sí òfin ìwọ̀lú tuntun. Kí ìyẹn tó dé, ìpín tí wọ́n ti ṣe láti 1924 ni wọ́n ń lò, èyí tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ará Yúróòpù ìhà àríwá tó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo Áfíríkà. Lọ́tìrì físà ni mo fi wọlé ní 2006, ṣùgbọ́n ká ní wọn ò kọ́kọ́ wó ògiri 1924 yẹn, kò ní sí lọ́tìrì kankan. Ọdún kan náà ni òfin méjèèjì jáde. Mo sọ ọ́ fún Màámi lórí afárá. Wọ́n yọ sílípáàsì náà, wọ́n fẹsẹ̀ lásán rìn padà. N kò dá wọn dúró.

Ọjọ́ Kẹrin, Túsìdeè. Birmingham

Mo ra táyà tuntun ní àárọ̀, dọ́là 118. Mo ní kí a ra bàtà fún Màámi náà. Wọ́n ní sílípáàsì ti tó, pé kí n má fowó ṣòfò.

1871 ni wọ́n dá Birmingham sílẹ̀, nítorí pé irin, èédú àti òkúta ẹfun wà pa pọ̀ nítòsí. A wọ Sloss, ilé ìyọ́rin tó ṣiṣẹ́ láti 1882 títí di 1971. Bí Màámi ṣe rí iná ìléru gíga wọ̀nyẹn, tí gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà, wọ́n ní, “Ilé Ògún rèé o,” wọ́n sì fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ tó gbóná jù, tó sì léwu jù, ti aláwọ̀ dúdú ni. Ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ yàtọ̀ sí ti òyìnbó. Nínú ibi ìwakùsà èédú ìpínlẹ̀ yìí, ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ń yá lò bí ẹni yá irinṣẹ́. Wọ́n lè mú ọkùnrin dúdú nítorí pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kí wọ́n sì tà á fún ilé iṣẹ́. 1928 ni Alabama tó dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Láti Sloss a lọ sí ọgbà Kelly Ingram. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, 1963, àwọn ọmọ ilé ìwé ló jáde níbí láti wọ́de lòdì sí òfin tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára òyìnbó, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọn òbí wọn ò lè jáde torí iṣẹ́ máa bọ́. Wọ́n kó àwọn ọmọ sẹ́wọ̀n títí àyè fi tán, lọ́jọ́ kejì wọ́n tú ajá àti omi panápaná sí wọn. Òdìkejì títì ni ṣọ́ọ̀ṣì tí bọ́ǹbù bú gbàmù ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, tó pa ọmọbìnrin mẹ́rin: Addie Mae Collins, Cynthia Wesley, Carole Robertson, ọmọ ọdún 14 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Denise McNair, ọmọ ọdún 11. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi fún bọ́ǹbù náà, 1977 ni. Ẹni ìkẹyìn, 2002. Ọmọ mi ka ọjọ́ orí wọn lára òkúta, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Karùn-ún, Wẹ́sìdeè. Birmingham sí Memphis

Òjò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wákàtí mẹ́rin di mẹ́fà. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sísun ni oúnjẹ Memphis, Màámi ò jẹ ẹ́. Ẹja àrọ̀ díndín ni wọ́n jẹ, dọ́là 13, wọ́n sì bọ ata tiwọn sí i.

Ọjọ́ Kẹfà, Tọ́sìdeè. Memphis

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé Memphis ni wọ́n ti pa King, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹrin, 1968, níwájú yàrá 306 ní Lorraine Motel. Ohun tó gbé e wá síbẹ̀ ni èmi ò mọ̀ dáadáa tẹ́lẹ̀. Àwọn agbálẹ̀-kódọ̀tí ni.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún yẹn, òjò ń rọ̀. Òṣìṣẹ́ dúdú méjì, Echol Cole àti Robert Walker, sá sẹ́yìn ọkọ̀ ìkódọ̀tí wọn. Ẹ̀rọ tó ń tẹ ìdọ̀tí ṣàdédé ṣiṣẹ́, ó sì fà wọ́n wọlé. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn náà, 1,300 òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì. Orí ni wọ́n fi ń ru agolo ìdọ̀tí tó ń jò sí wọn lára. Owó wọn kéré débi pé ọ̀pọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ ló tún yẹ lẹ́ni tí ìjọba ń fún ní ìrànwọ́ òtòṣì. Ohun tí wọ́n kọ sára páálí tí wọ́n gbé kọ́rùn kò ju gbólóhùn kan lọ: ÈMI NÁÀ, ÈÈYÀN NI MÍ. King wá tì wọ́n lẹ́yìn, ibẹ̀ ló kú sí. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ni ìlú tó gbà láti mọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn tó sì fi kún owó wọn.

Ọkọ̀ ìkódọ̀tí irú ti ayé ìgbà náà wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Èmi náà ń palẹ̀ ìdọ̀tí èèyàn mọ́ lálẹ́ níbi iṣẹ́. Mo dúró níwájú ọkọ̀ yẹn pẹ́ ju ibi yàrá 306 lọ.

Màámi jókòó síta, wọ́n sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Ọmọ ọdún 17 ni wọ́n ní 1968. Nínú asọ̀rọ̀mágbèsì tó wà nílé ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ní Òkè Àdó ni wọ́n ti gbọ́ ikú King. Ogun Biafra ń lọ lọ́wọ́, ìròyìn ikú kì í tún ṣe tuntun fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá wọn dìde, ó ṣí fìlà. “N kò mọ ìdí tó fi ṣí fìlà fún ẹni tí kò bá pàdé rí,” ni Màámi wí. “Mo mọ̀ ọ́n lónìí.”

Ọjọ́ Keje, Fúráìdeè. Ọ̀nà 61, sínú Mississippi

Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, òwú àti sóyà títí ojú fi rẹ̀ ẹ́. Kò sí èèyàn nínú oko. Ìdí rẹ̀ wà ní Clarksdale, ní oko Hopson, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ ìkórè òwú han àwọn èèyàn ní oṣù Kẹwàá 1944. Ẹ̀rọ kan ń ká òwú tó tó èyí tí àádọ́ta èèyàn ń ká. Àwọn tó ń dáko fún onílẹ̀, tí gbèsè ṣọ́ọ̀bù onílẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí wọ́n lọ, wọ́n ṣàdédé di ẹni tí wọn ò fẹ́ mọ́. Láti nǹkan bí 1910 sí 1970, mílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn dúdú ló fi gúúsù sílẹ̀. Ẹ̀rọ lé àwọn kan, okùn lé àwọn kan, owó ọ̀sẹ̀ ilé iṣẹ́ àríwá sì pe àwọn kan.

Ìlú Sumner kò tó wákàtí kan sí ibẹ̀. Ní ilé ẹjọ́ rẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án 1955, òyìnbó ọkùnrin méjìlá fi ìṣẹ́jú 67 pinnu pé àwọn méjì tó pa Emmett Till kò jẹ̀bi. Ọmọ Chicago ni Emmett, ọmọ ọdún 14, ó wá lo ọlidé lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. Nígbà tó di ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì gbowó lọ́wọ́ ìwé ìròyìn, wọ́n sì jẹ́wọ́. Àmì ìrántí tí wọ́n rì sẹ́bàá odò tí wọ́n ti rí òkú rẹ̀, léraléra ni àwọn kan ń yìnbọn lù ú, títí wọ́n fi gbé èyí tí ọta kò lè dá lu síbẹ̀ ní 2019.

Ọmọ mi jókòó sórí àga nínú ilé ẹjọ́ náà. Ó ní, “Mọ́mì, èmi náà ti tó ọjọ́ orí rẹ̀.” Ìtumọ̀ ohun tó sọ yé mi. Màámi fà á mọ́ra, wọ́n pe oríkì rẹ̀, “Àkànní, Àkànní,” wọn ò sì sọ nǹkan mìíràn.

Ọjọ́ Kẹjọ, Sátidé. Memphis sí Chicago

Máìlì 530. Ẹ gbéra láàárọ̀ kùtù, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ilé oúnjẹ ojú ọ̀nà tí ẹ bá ní àgbàlagbà lọ́wọ́. Mọ́ín-mọ́ín tán ní Missouri.

A sọ̀ ní Cairo, ní gúúsù Illinois, níbi tí odò Ohio ti pàdé Mississippi. Àwọn tó ń fi rélùwéè Illinois Central lọ sí àríwá nígbà náà, inú kọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń jókòó sí láti gúúsù. Bí wọ́n bá ti kọjá odò dé ibí, wọ́n lè dìde lọ jókòó síbi tó wù wọ́n. Mo gbìyànjú láti fojú inú wo ẹni tó dìde lákọ̀ọ́kọ́, bóyá ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ̀n.

Aago mẹ́jọ alẹ́ la dé ilé ẹ̀gbọ́n mi kan nínú mọ̀lẹ́bí, tí à ń pè ní Bùọ̀dá, ní ìhà gúúsù Chicago. Àmàlà ti wà lórí tábìlì.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Sọ́ńdè. Chicago

Bùọ̀dá ló wa ọkọ̀. 1974 ni wọ́n wá kàwé níbí. Wọ́n gba ìwé ọmọ ìlú ní 1982, ìbò àkọ́kọ́ tí wọ́n dì láyé wọn ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi yan Harold Washington, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di olórí ìlú Chicago, ní 1983. Wọ́n ní wọ́n tò láti àárọ̀, pé ìyá arúgbó tó wà níwájú àwọn wọ aṣọ ọdún Àjíǹde.

Wọ́n fi ilé iṣẹ́ àtijọ́ hàn wá, àti ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù fún gbogbo Amẹ́ríkà títí di 1971, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Mississippi ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́. Ní 1910, aláwọ̀ dúdú tó wà ní Chicago jẹ́ nǹkan bí 44,000. Ní 1970 wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù kan. Ìwé ìròyìn Chicago Defender, tí Robert Abbott dá sílẹ̀ ní 1905, ló ń pè wọ́n, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e wọ gúúsù ní ìkọ̀kọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n dé tán, ibi tí wọ́n lè gbé kò ju ìlà tóóró kan lọ. Onílé kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ pé òun ò ní tà fún aláwọ̀ dúdú, ìjọba fi ọ̀dà pupa kun àdúgbò wọn lórí máàpù kí báǹkì má bàa yá wọn lówó ilé. Bùọ̀dá fi pápá tó ṣófo hàn wá lẹ́bàá òpópónà Dan Ryan. Ibẹ̀ ni Robert Taylor Homes wà, ilé 28, alájà 16 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. 1962 ni wọ́n kọ́ ọ tán, 2007 ni wọ́n wó èyí tó kẹ́yìn. Títì márosẹ̀ náà ṣì wà, ó ń ké bíi ti Auburn.

Ní òpópónà King Drive, ère idẹ ọkùnrin kan dúró, àpótí tí wọ́n fi okùn dì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọjú sí àríwá. Láti òkèèrè, ẹ ó rò pé kóòtù rẹ̀ ní ìpẹ́. A sún mọ́ ọn. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà ni gbogbo rẹ̀, tó ti jẹ, tó ti lu, ọ̀kan lórí èkejì láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Màámi na ọwọ́ sí àwọn ihò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń kà wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn nínú sílípáàsì ọmọ mi. Wọ́n ní, “Ẹ mú mi lọ ra bàtà.”

Ṣọ́ọ̀bù tí a kọ́kọ́ rí la yà. Ọmọbìnrin tó ń tajà fún wọn ní àga, ó kúnlẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ wọn sórí orúnkún rẹ̀. Bàtà mẹ́rin ni Màámi wọ̀ wò, wọ́n ń dìde, wọ́n ń rìn síwá-sẹ́yìn, wọ́n tún ń jókòó, wọn ò yára rárá, àwa náà ò sì kán wọn lójú. Ìkarùn-ún ni wọ́n mú. Dọ́là 42.